Ọdún Tí Ọṣẹ Kọ̀ Láti Le

Títí di òní, bí mo bá fẹ́ ra ọṣẹ, èékánná ni mo máa ń kọ́kọ́ fi tẹ̀ ẹ́. Inú máa ń bí àwọn ọlọ́jà. Ọ̀kan nínú wọn bi mí lọ́jọ́ kan bóyá mo fẹ́ ra ọṣẹ ni tàbí mo fẹ́ fẹ́ ẹ níyàwó. Mo ní kó má bínú, mo ní èmi àti ọṣẹ ti jọ jà rí, ọṣẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi.

Àdín ni mò ń tà nígbà náà. Àdín ni òróró dúdú tí a ń yọ lára ẹkùrọ́, kì í ṣe epo pupa. Mo ní láti ṣàlàyé, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí, bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ̀pẹ, epo ọbẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. Sakété ni ilé wa. Ilé ìwé tí mo lọ kò ju ọdún méjì lọ; mo mọ orúkọ mi kọ, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń kí olùkọ́ ní Faransé. Ìyókù, ọjà ló kọ́ mi, òun náà sì máa ń na ènìyàn.

Àwọn obìnrin Yoko, abúlé kan nítòsí Sakété, ló ń ṣe àdín náà. Wọ́n á fi òkúta pa ẹkùrọ́, wọ́n á yan ọmọ inú rẹ̀ nínú agbada títí yóò fi dúdú, wọ́n á gún un, wọ́n á sè é, òróró á léfòó, wọ́n á bù ú kúrò lójú omi. Èmi á kó o ní garawa mẹ́fà mẹ́fà, àwọn alárù á rù ú dé Sakété, ó di inú ọkọ̀ ojú irin, ó di Pobè. Ní Pobè, lẹ́yìn ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró, ilé ọṣẹ kan wà tí bàbá kan dá sílẹ̀, Àlájì, ọmọ Sakété bíi tèmi. Òun ni oníbàárà mi. Mi ò ní òmíràn. Àwọn ilé òyìnbó ní Àjàṣẹ́, tí àwọn oníwèé ń pè ní Porto-Novo, ẹkùrọ́ lásán ni wọ́n ń rà, wọn kì í ra òróró rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Lọ́jà, ìgò kan méjì tí wọ́n fi ń pa ọmọ tuntun lára ni. Bí ilé ọṣẹ yẹn bá kọ àdín mi, kí n máa mu ún ló kù.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ ń tà fún Àlájì, nígbà tí ilé ọṣẹ náà kò ju ìkòkò mẹ́ta lábẹ́ àtíbàbà lọ. Nígbà tí ìyá mi kú, Àlájì wọ ọkọ̀ wá sí Sakété, ó bá wa jókòó ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta ó ní kí n gbé garawa ìyá mi kí n máa bọ̀. Bí mo ṣe jogún oníbàárà nìyẹn, bí ẹni jogún ilẹ̀. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. Bí mo bá bímọ, ọṣẹ tí a fi wẹ ọmọ, ibẹ̀ ló ti ń wá. Bí ó bá pa àgbò Iléyá, itan kan á wọ ọkọ̀ ojú irin bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Èmi náà, bí àdín bá wọ́n lọ́dún kan, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn dé Takon láti wá a kiri kí agbada rẹ̀ má bàa gbẹ. Ìyàwó mi ló máa ń pè mí. Mo máa ń dá a lóhùn pé ìyàwó tí kì í gba owó ọbẹ̀, àlejò ni. Á rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ á fẹ́ bọ́.

Ohun tó so gbogbo wa pọ̀ ni èènì. Bí ènìyàn bá wọn nǹkan fún ọ tí kò fi díẹ̀ lé e, kò tíì tà fún ọ, ó kàn gba owó rẹ ni. Ní Yoko, bí wọ́n bá ti wọn garawa kan tán, igbá èènì kan ló ń tẹ̀ lé e. Kì í sì í ṣe èènì àwọn oníyọ̀ ọjà Sakété, tí wọ́n ń fi ìka méjì bù ú bí ẹni ń bu oògùn. Igbá gidi ni, ó sì gbọ́dọ̀ kún. Obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn aládìn-ín, Ìyá Yoko ni gbogbo wa ń pè é, a máa sọ pé èènì tó bá mọ ní àbọ̀, èébú ni. Inú kèrègbè lọ́tọ̀ ni mo ń kó o sí, bí mo sì ṣe gbà á ni mo ń gbé e dé Pobè. Mi ò bù níbẹ̀ rí. Ẹ gbà mí gbọ́ o, ẹ má gbà mí gbọ́ o: nínú gbogbo ohun tí mo ti bù jẹ láyé mi, èènì Yoko kò sí níbẹ̀.

Ẹni tó ń gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ọṣẹ ni ìyá àgbà kan, ará Ọ̀họ̀rí, tó ti ń se ọṣẹ fún Àlájì láti ìgbà ìkòkò mẹ́ta. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọmọ odó, iná sì ti jẹ irun ìpéǹpéjú rẹ̀ tán. Omi eérú ló fi ń se ọṣẹ tirẹ̀. Á fi ṣóńṣó ahọ́n tọ́ omi náà wò, á tutọ́, á ní ó kù díẹ̀, tàbí kó ní ó tó. Bí àdín bá pọ̀ jù nínú agbada, á fi omi eérú kún un. Bí omi eérú bá borí, á da àdín sí i. Èènì tí mo bá gbé dé, inú agbada ló ń lọ, ojú ìyá náà sì ń wọn ìyókù. Ọṣẹ dúdú róbótó, a fi ewé dì í, ó ń lọ sọ́jà Pobè, ó ń lọ sí Sakété. Kò sí ẹni tó ráhùn.

Ìgbà tí òmìnira dé ni nǹkan yí padà. Wọ́n ta àsíá tuntun, a jó, ẹsẹ̀ ro wá, a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí èmi rí nínú rẹ̀ ni pé bàtà tí òyìnbó bọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ wa tó kàwé ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó ṣe rẹ́gí fún àwọn kan, ó há mọ́ àwọn kan lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tó fẹ́ bọ́ ọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Àlájì wà nínú wọn. Dakar ló ti kàwé. Ó dé ti òun ti ẹ̀wù funfun tó gùn dé orúnkún, kàyé kan tó ń kọ ohun gbogbo sí, àti ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń ju sínú omi, táá wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ máa wò ó bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ já sí kànga. Mùsé ni a ń pè é, bí a ti ń pe òyìnbó, ó sì ń dáhùn.

Mùsé ní ọṣẹ róbótó inú ewé ti tán. Ó ní orílẹ̀-èdè tuntun gbọ́dọ̀ ní ọṣẹ onígun mẹ́rin, tí gbogbo rẹ̀ rí bákan náà, tí a tẹ àwòrán ọ̀pẹ sí lára, tí ọkọ̀ lè kó dé Parakou láìyọ́. Èmi ò mọ ohun tí orílẹ̀-èdè fẹ́ fi igun mẹ́rin ṣe, ṣùgbọ́n mo ṣe àmín, nítorí ó ní garawa méjìlá ni ilé ọṣẹ yóò máa gbà dípò mẹ́fà. Mo sáré gba Yoko lọ. Mo kó àwọn obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá jọ, mo sọ fún wọn pé ọlà ti dé, kí wọ́n pa ẹkùrọ́ títí apá á fi yọ. Wọ́n pa oko tì. Àwọn tí wọn ì bá gbin gbágùúdá lọ́dún yẹn kò gbìn ín. Wọ́n ra ẹkùrọ́ Takon kún tiwọn. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí mo ṣàkíyèsí pé nínú irú ìtàn yìí, apá yẹn ni ẹni tó ń sọ ọ́ máa ń gbàgbé.

Dípò omi eérú, sódà dé láti Àjàṣẹ́ nínú àgbá irin, ohun funfun kan tó ń jó ọwọ́ láìsí iná. Mùsé fúnra rẹ̀ ló ń wọ̀n ọ́n. Garawa mẹ́fà àdín, sódà báyìí, omi báyìí, gbogbo rẹ̀ wà nínú kàyé. Ìyá àgbà kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Bó bá fi ahọ́n kan sódà, ahọ́n á bó. Iṣẹ́ tó kù fún un ni kó máa koná, kó máa ro agbada, kó sì máa gba àdín lẹ́nu ọ̀nà bíi ti àtijọ́.

Ọṣẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi àdín mi se, wọ́n dà á sínú àpótí pákó. Ilẹ̀ mọ́, kò dì. Ó di ọjọ́ kẹta, ó rí bí ẹ̀kọ tí ọ̀lẹ sè, òróró ń sun lójú rẹ̀ bí òógùn lójú ẹni tó purọ́. Wọ́n fi okùn irin gé e, ó tún lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ padà. Àlájì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ìyàwó mi, kí ló dé sí àdín wa?"

Àdín wa, ló wí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju kó nà mí lọ.

Ìyá mi máa ń sọ pé oníbàárà tó bá ń kùn, èènì ni kí o fi dí i lẹ́nu. Mo padà sí Yoko, mo ní kí èènì di igbá méjì fún garawa kan. Wọn ò janpata. Mo gbé e dé Pobè, mo kó o lé ìyá àgbà lọ́wọ́, ó gbà á, ó súre fún mi. Ọṣẹ kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní ó yẹ kí n túbọ̀ fi ọ̀wọ̀ hàn. Mo sọ èènì di igbá mẹ́ta. Ọṣẹ kẹta, bí ẹ bá rí i, ẹ ó bi mí bóyá ṣíbí ni a ó fi lò ó.

Mùsé wá ra àdín lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Àjàṣẹ́, ọkùnrin tó ń fi ìwé àti òǹtẹ̀ tajà, tí kò ní fi ẹ̀kán kan lé ọjà fún ọ bí o bá ń kú lọ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọṣẹ tirẹ̀ le. Ó le débi pé Mùsé fi ọ̀kan gbá tábìlì níwájú mi, kó, kó, kó, ojú mi ló sì ń wò bó ti ń gbá a.

Ṣé ẹ rí ọmọ náà, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, kò rẹ́ mi jẹ. Ó gbé àdín mi kaná bóyá á máa ta pàrà bí òróró tó lómi nínú, kò ta. Ó sẹ́ ẹ, ó fi ìgò wò ó, ó fi í sí oòrùn, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní òun kò rí àlébù kankan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọṣẹ kò dì, ọṣẹ sì ni òun ń tà, kì í ṣe àdín. Ó ní òun yóò gba garawa mẹ́fà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ìyẹn náà kò bá le, ará Àjàṣẹ́ ni yóò máa kó gbogbo àdín wá, títí láé. Àlájì wà lórí àga bó ti ń sọ ọ́. Tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Mo retí pé á pè mí ní ìyàwó rẹ̀. Kò pè mí.

Ìbẹ̀rù ló gbé mi dé Yoko, ìbẹ̀rù kì í sì í jẹ́ kí ẹnu mọ ibi tó yẹ kó dúró. Yàrá Ìyá Yoko ti kún fún garawa àdín tí kò rí ẹni rà á, dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń fi rìn wọlé. Mi ò kí wọn tán tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ta ló ń bu omi sí i, ta ló ń fi omi gbágùúdá lú u, kí ẹni tó mọ̀ tètè jẹ́wọ́ kí ó má pa gbogbo wa. Ìyá Yoko bu àdín sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a, ó na ọwọ́ náà sí mi pé kí n lá a. Mo lá a. Àdín gidi ni.

Ó ní, "Ọmọ Sakété, ìyá rẹ bá wa ṣòwò títí ó fi kú, kò bi wá léèrè báyìí rí. Ṣé ọṣẹ ló rán ọ wá, àbí o rán ara rẹ?"

Ọ̀kan nínú wọn, tó gbé ọmọ pọ̀n, béèrè lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni ó fẹ́ kí n gbọ́, bóyá àdín ṣeé gún bí iyán gbágùúdá, nítorí òun kò gbin òmíràn. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n wọn garawa mẹ́fà fún mi, wọ́n sì tún wọn èènì, igbá mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé Yoko háwọ́ nígbà ìṣòro. Nínú ọkọ̀ ojú irin, bí mo ti jókòó ti garawa wọ̀nyẹn, mo ń ka obìnrin mẹ́rìnlá lórí ìka, mo tún ń kà wọ́n, bí ẹni tí kò mọ iye wọn.

Nígbà tí mo dé Pobè, mo sọ fún Mùsé pé mi ò lọ, pé mo fẹ́ fojú ara mi wo bí wọ́n ṣe ń se é. Ó fi ìwé kan hàn mí lára ògiri, ó ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé àlejò kò gbọ́dọ̀ wọlé. Mo ní mi ò lè ka Faransé. Mo jókòó.

Kò sí ohun tó fara sin nínú ohun tí mo rí. Mùsé ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ garawa kọ̀ọ̀kan, ó wo ibi tí àdín dé, ó kọ ọ́. Wọ́n da mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú agbada ńlá. Ó wọn sódà, ó wọn omi, ó pò ó, ó kọ ọ́, ó rọra ń dà á sínú agbada, ìyá àgbà ń rò ó. Bó ti dà á tán, ó jáde lọ fọ ọwọ́, nítorí sódà kò mọ Mùsé yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Ìyá àgbà gbé igi tó fi ń rò ó tì. Ó lọ sí kọ̀rọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìkòkò amọ̀ kan tó wúwo, ó gbé e dé ẹnu agbada, ó sì da gbogbo èènì mi sí i, igbá méjìdínlógún. Ó tẹ ìkòkò náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu inú rẹ̀, ó sì ha àtẹ́lẹwọ́ náà sí etí agbada kí ẹ̀kán kan má ṣòfò.

Mo bi í kí ló dé tó fi dà á síbẹ̀.

Ó wò mí bí ẹni wo ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ó ní, "Níbo ni kí n dà á sí? Ṣé kí n gbé e lọ sílé ni? Ti ilé ọṣẹ ni. Mi ò mú nǹkan Àlájì lọ sílé rí."

Mo jókòó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ mí lára díẹ̀díẹ̀. Mùsé wọn sódà fún garawa mẹ́fà. Agbada sì jẹ garawa mẹ́fà àti èènì. Nígbà omi eérú, ahọ́n ìyá náà ń tẹ̀ lé èènì, ibi tó bá lọ á bá a dé. Kàyé ò lè tẹ̀ lé e, kàyé ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Mùsé ti rí wa lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kèrègbè lọ́pọ̀ ìgbà, ó rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni, pé ìyá àgbà ń gba ti ọbẹ̀ rẹ̀ ni. Bí mo sì ṣe ń bẹ̀rù tó ni mo ń fi kún un. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń gbé ìjẹ wa wọ inú agbada yẹn, igbá lé igbá.

Ká ní mo jẹ́ ènìyàn pẹ̀lẹ́, ǹ bá ti fa ìyá náà sẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n ìdùnnú ti gbé mi. Mùsé wọlé, Àlájì tẹ̀ lé e, nítorí ó fẹ́ wo ọṣẹ ìkẹyìn, àwọn òṣìṣẹ́ sì dúró yí ká. Mo dìde, ẹ̀rín ti ń yọ lẹ́nu mi.

Mo ní, "Ẹ wá wò ó o. Olóòótọ́ ló ń ba ọṣẹ yín jẹ́. Bí ìyá yìí bá ń jalè bíi gbogbo wa ni, ọṣẹ yín ì bá ti le láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

Mo sì ṣàlàyé fún wọn, mo tilẹ̀ fi ara ṣe é, bó ṣe ń nu inú ìkòkò, bó ṣe ń ha ọwọ́ sí etí agbada. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan jókòó sílẹ̀. Mùsé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nu omijé. Àlájì rẹ́rìn-ín, fìlà rẹ̀ ṣí. Ìyá àgbà dúró láàárín wa, ìkòkò ṣì wà lápá rẹ̀, ó ń wo ojú kan lẹ́yìn èkejì. Ó béèrè ohun tí òun ṣe. Mùsé ń ṣàlàyé fún un, ó ń gbé ohùn sókè, ó ń fi ìka kà á fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọ ọwọ́, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé etí ìyá náà di.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n se ọṣẹ láìsí èènì. Ó le. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, èékánná mi ṣẹ́.

Ẹ̀rọ̀ dé bá Yoko. Yàrá Ìyá Yoko tú, wọ́n rí ọ̀nà rìn. Mo lọ bẹ̀ wọ́n lórí ọ̀rọ̀ tí mo sọ, wọ́n gba ẹ̀bẹ̀, ó kàn jẹ́ pé láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ń wọn àdín fún mi, wọ́n máa ń ní kí n wò ó dáadáa. Nígbà tí mo ní kí wọ́n má fi èènì sí i mọ́, Ìyá Yoko dáwọ́ dúró, ó bi mí kí wá ni àwa àti àwọn ará Pobè jẹ́ sí ara wa báyìí. Mo ní oníbàárà ni wá. Ó ní ó dára, ó da igbá náà padà sínú agbada.

Ní Pobè, Mùsé fi irin tín-ín-rín di ẹnu garawa mi, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i lójú ọ̀nà. Ó dá ọjọ́ fún mi: ọjọ́ báyìí ni àdín gbọ́dọ̀ dé, bó bá pẹ́, kó padà sílé. Ó sì gba ará Àjàṣẹ́ mọ́ mi, garawa méjìlá fún èmi, méjìlá fún òun, nítorí ó ní ilé iṣẹ́ tó gbára lé ẹnì kan ṣoṣo, orí ẹsẹ̀ kan ló dúró. Mo ní òótọ́ ni. Òótọ́ sì ni. Ó kàn jẹ́ pé èmi ni ẹsẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ní Iléyá, itan àgbò kò wọ ọkọ̀. Ọṣẹ mẹ́wàá ló dé, pẹ̀lú àwòrán ọ̀pẹ, àti ìwé tí mo ní láti fọwọ́ sí pé mo ti gbà wọ́n.

Ìyá àgbà kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà náà. Kò sí ẹni tó lé e. Ó tọrọ àyè pé òun fẹ́ lọ wo ilé, kò sì padà. Àlájì rò pé àárẹ̀ ni. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe àárẹ̀. Ní àkókò òjò, mo bi ọ̀nà abúlé rẹ̀ léèrè, mo lọ síbẹ̀, nínú amọ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí tó máa ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ ènìyàn bí onígbèsè gba ọjà àwìn. Mo bá a níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní kó foríjì mí, ẹnu mi ló yá jù. Ó ní kí n dìde, ó ní òótọ́ ni mo sọ, kò sì sí ẹni tó ń tọrọ àforíjì nítorí òótọ́. Ó ṣa ẹ̀wà lọ títí, ó ń ju èyí tí kòkòrò ti jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣùgbọ́n mo ti ń se ọṣẹ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ọmọ yẹn. O ì bá ti pè mí sẹ́yìn ilé, kí o sọ ọ́ fún mi. Èmi fúnra mi ni ì bá lọ sọ fún wọn pé, ẹ gbà mí, èmi ni mo ń bà á jẹ́."

Mo wá ohun tí mo lè fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Kò tíì ṣẹlẹ̀ sí mi rí pé kí n wá a kí n má rí i.

Mo jẹ́ iṣẹ́ Àlájì fún un, pé kó padà wá. Ó béèrè bí ọṣẹ ṣe ń ṣe. Mo ní ó le. Ó béèrè bóyá gbogbo rẹ̀ ló rí bákan náà, èyí tí wọ́n sè lánàá àti èyí tí wọ́n sè lóṣù tó kọjá. Mo ní bákan náà ni, Ìyá.

Ó ní, "Kí wá ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe?"

Ó gbọn ẹ̀wà inú àtẹ, ó wo ojú ọ̀run, ó ní òjò ti ṣú, kí n tètè máa lọ kí ọkọ̀ ojú irin má bàa fi mí sílẹ̀. Mo dìde lóòótọ́, mo sì yára. Garawa méjìlá wà ní Yoko tí mo ní láti kó, ọ̀túnla sì ni ọjọ́ tí Mùsé dá fún mi.